Ìwé tó dé bá ọmọ wa ní kíláàsì keje: ṣé òótọ́ ni pé ìpínlẹ̀ Indiana yóò san owó yunifásítì rẹ̀?

Ìyá Dámi, Indianapolis

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi gbé yẹ̀ wò. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, Dámi ọmọ mi, tó wà ní kíláàsì keje, mú ìwé kan bọ̀ láti ilé ìwé. Ó ti ká a sí mẹ́rin sínú àpò ṣòkòtò fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko kó tó rántí pé wọ́n rán òun níṣẹ́ sí mi. Ohun tó wà nínú ìwé náà ni pé ìpínlẹ̀ Indiana ti kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ nínú ètò tí wọ́n ń pè ní 21st Century Scholars, àti pé bí ó bá mú àdéhùn rẹ̀ ṣẹ títí tó fi parí ilé ìwé girama, ìjọba ìpínlẹ̀ yóò san owó ilé ìwé rẹ̀ ní yunifásítì fún ọdún mẹ́rin.

Bàbá rẹ̀ ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ní kí n má fọwọ́ kan ohunkóhun nínú rẹ̀, nítorí pé àwọn gbájúẹ̀ náà máa ń fi lẹ́tà tó ní àmì ìjọba ránṣẹ́ sí ènìyàn ní ìlú yìí. N kò dá a lẹ́bi. Àmọ́ ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni èmi ti ń ṣiṣẹ́, òun ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, owó tó ń wọlé fún wa kò ju èyí tí a fi ń san owó ilé, owó iná àti owó oúnjẹ lọ, ọmọ wa sì ń jẹ oúnjẹ ọ̀sán ọ̀fẹ́ ní ilé ìwé. Bí ọ̀rọ̀ yìí bá jẹ́ òótọ́, n kò fẹ́ kí ìbẹ̀rù jẹ́ kó bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló mọ̀ nípa rẹ̀? Kí ni wọ́n ń fẹ́ kí ọmọ náà ṣe? Ṣé wọn kò ní padà wá sin owó náà lọ́wọ́ wa lọ́jọ́ iwájú?

Àǹtí Olùkọ́, Fort Wayne

Ìyá Dámi, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Òótọ́ pọ́ńbélé ni, kì í ṣe iṣẹ́ gbájúẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe gbèsè. Mo ti ń ṣe iṣẹ́ olùtọ́nisọ́nà fún àwọn ọmọ kíláàsì kẹfà sí ìkẹjọ fún ọdún mẹ́tàlá, lẹ́tà yìí sì wà lára ohun tó ń dùn mọ́ mi jù nínú iṣẹ́ náà. Bí ọkàn bàbá Dámi kò bá tíì balẹ̀, kí wọ́n dìde lọ bá olùtọ́nisọ́nà ilé ìwé ọmọ yín lójúkojú, kí wọ́n sì ní kó fi orúkọ ọmọ náà han àwọn lórí kọ̀ǹpútà. Ìyẹn dára ju kí wọ́n máa pe nọ́ńbà fóònù kankan lọ.

Ọdún 1990 ni ilé aṣòfin Indiana ṣe òfin tó bí ètò yìí, nígbà tí Evan Bayh jẹ́ gómìnà. Èrò tó wà nídìí rẹ̀ ni pé bí a bá dúró di ìgbà tí ọmọ tálákà wọ kíláàsì kejìlá kí a tó sọ fún un pé owó wà, ó ti pẹ́ jù. Ọmọ náà ti gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé yunifásítì kì í ṣe ti irú àwọn, ó sì ti fi ìṣirò tó le sílẹ̀ láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń bá ọmọ ọdún méjìlá tàbí mẹ́tàlá ṣe àdéhùn nígbà tí ọkàn rẹ̀ ṣì rọ̀. Àwọn tí ètò náà wà fún ni àwọn ọmọ kíláàsì keje àti ìkẹjọ tí owó tó ń wọ ilé wọn kò ju òdiwọ̀n oúnjẹ ọ̀sán ọ̀fẹ́ tàbí ẹlẹ́dìnwó lọ, ìyẹn 185% òdiwọ̀n òṣì tí ìjọba àpapọ̀ ń gbé jáde, àti àwọn ọmọ tí ìjọba fi sọ́dọ̀ alágbàtọ́.

Tẹ́lẹ̀, òbí ni ó ní láti kọ orúkọ ọmọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀ kó tó di ọjọ́ 30 oṣù kẹfà ní ọdún tí ọmọ náà parí kíláàsì kẹjọ. Ní 2023 ni wọ́n ṣe òfin tuntun pé kí ìpínlẹ̀ máa kọ orúkọ àwọn ọmọ tó tọ́ sí sílẹ̀, kí òbí tí kò bá fẹ́ ẹ wá sọ pé òun kò fẹ́. Ìyẹn ni lẹ́tà fi wá bá yín láìjẹ́ pé ẹ béèrè.

Ní ti ohun tí ọmọ yóò ṣe: yóò ṣèlérí pé òun kò ní lo oògùn olóró, òun kò ní mutí kí ọjọ́ orí òun tó tó, òun kò sì ní hùwà ọ̀daràn. Máàkì rẹ̀ ní ilé ìwé girama kò gbọdọ̀ kéré sí 2.5 lórí 4.0 lápapọ̀ nígbà tó bá ń jáde. Láti kíláàsì kẹsàn-án dé ìkejìlá, àwọn iṣẹ́ kéékèèké wà tí wọ́n ń fún un lọ́dọọdún, irú bíi kó lọ wo ọgbà yunifásítì kan, kó ṣe iṣẹ́ ìyọ̀ǹda ara ẹni, kó kọ ètò ẹ̀kọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Yóò sì máa tẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan tó bá ṣe sórí ScholarTrack, ojúewé ìpínlẹ̀ fún iṣẹ́ yìí. Ní kíláàsì kejìlá, ẹ̀yin àti òun yóò fi FAFSA, fọ́ọ̀mù ìjọba àpapọ̀ tí a fi ń tọrọ owó ìrànwọ́ ilé ìwé, ránṣẹ́ kó tó di ọjọ́ 15 oṣù kẹrin. Ẹ fi ọjọ́ yẹn sọ́kàn, mà. Mo ti rí ọmọ tó gba máàkì 3.6, tó ṣe gbogbo nǹkan yòókù, tí fọ́ọ̀mù ọ̀hún sì pẹ́.

Nọ́ọ̀sì Òru, Gary

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ yìí mú mi sọkún díẹ̀, ẹ má bínú. Àkọ́bí mi obìnrin wà ní kíláàsì kẹjọ nígbà tí a dé láti Adó-Èkìtì, a kò tíì lo oṣù márùn-ún ní ìlú yìí. Ilé ìwé tó wà, tí n kò ní dárúkọ, kéde ètò yìí níbi ìpàdé ìrọ̀lẹ́ kan. Iṣẹ́ òru ni mo ń ṣe. Agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n ń ṣèpàdé, èmi ń lọ aṣọ iṣẹ́ lọ́wọ́ ni. Wọ́n fi ìwé pélébé kan sínú fáìlì rẹ̀, a sì rí i ní oṣù kẹsàn-án, nígbà tí mo ń wá ìwé àjẹsára rẹ̀ láti fi wọ kíláàsì kẹsàn-án. Ọjọ́ ti kọjá. Mo lọ bẹ̀ wọ́n, wọ́n ní kò sí ohun tí àwọn lè ṣe.

Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ni a tètè kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, nítorí pé ojú wa ti là nígbà náà. Nínú ilé kan náà, láti inú ìkòkò ọbẹ̀ kan náà, àbúrò jáde láìjẹ gbèsè owó ilé ìwé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì ṣì ń san ẹ̀yáwó títí di òní olónìí. Ọmọ náà kò bínú sí wa, ṣùgbọ́n nígbàkúùgbà tí ó bá ṣí fóònù rẹ̀ ní ìparí oṣù láti san owó náà, mo máa ń kúrò nínú yàrá. Ìyá Dámi, ẹ dákun, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dẹ́rù bà yín kúrò nídìí rẹ̀.

Akáńtì Ìjẹ̀bú, Houston

Mo kí gbogbo yín, pàápàá jù lọ Nọ́ọ̀sì Òru. Ọlọ́run yóò san án fún yín, mà. Síbẹ̀, mo ní èrò tó yàtọ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tọkàntọkàn. Kò dùn mọ́ mi nínú pé kí ìjọba wo ọmọ ọdún méjìlá, kó kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àwọn aláìní, kó sì sọ fún un pé torí àìní rẹ̀ ni àwọn ṣe ń ràn án lọ́wọ́. A kì í fi àìní yangàn nílé wa. Ṣé kò ní dára jù kí ìpínlẹ̀ sọ pé ọmọ tó bá ti gba máàkì báyìí báyìí, ìbáà jẹ́ ọmọ olówó, ìbáà jẹ́ ọmọ tálákà, àwọn yóò san owó rẹ̀? Georgia ń fi èrè tẹ́tẹ́ lọ́tìrì ìpínlẹ̀ ṣe irú rẹ̀, Louisiana náà ń ṣe é. Iṣẹ́ ọmọ ni yóò sọ̀rọ̀ níbẹ̀, kì í ṣe àpò bàbá rẹ̀.

Bàbá Ìbejì, Tacoma

Ẹ̀gbọ́n Akáńtì, mo bọ̀wọ̀ fún ọ̀rọ̀ yín, ṣùgbọ́n Louisiana gan-an tí ẹ dárúkọ ni yóò dá wa lóhùn. Ní 1988, oníṣòwò epo kan, Patrick Taylor, lọ bá àwọn ọmọ kíláàsì keje àti ìkẹjọ sọ̀rọ̀ ní ilé ìwé Livingston ní New Orleans. Àwọn ọmọ tí nǹkan kò rọrùn fún rárá ni wọ́n, àwọn míì ti tún kíláàsì ṣe. Ó ṣèlérí fún wọn pé bí wọ́n bá dúró ní ilé ìwé tí wọ́n sì ń gba máàkì tó dára, wọn yóò lọ sí yunifásítì. Lẹ́yìn náà ló lọ bá àwọn aṣòfin, wọ́n sì ṣe òfin ní 1989 pé kí ìpínlẹ̀ san owó ilé ìwé fún àwọn ọmọ tí owó ilé wọn kò pọ̀ tí wọ́n bá yege. Òfin yẹn ní òdiwọ̀n owó nínú. Ní 1997 ni wọ́n yọ òdiwọ̀n owó kúrò, ohun tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ nítorí àwọn ọmọ Livingston sì di ohun tí ọmọ dókítà àti ọmọ lọ́yà ń gbà. Bákan náà ni ti Georgia: ní 1993 tí wọ́n dá a sílẹ̀, ẹni tí owó ilé wọn bá ju 66,000 dọ́là lọ kò lè gbà á, nígbà tó fi máa di 1995, òdiwọ̀n náà ti kúrò nílẹ̀.

N kò sọ pé ọmọ dókítà kò tọ́ sí oore. Ohun tí mo ń sọ ni pé ọmọ yẹn yóò lọ sí yunifásítì bí ìjọba fún un ní kọ́bọ̀ tàbí kò fún un. Tábìlì tó fi ń kàwé wà, olùkọ́ tí bàbá rẹ̀ ń sanwó fún wà, kò sì sí àbúrò mẹ́ta tó ń pariwo nínú yàrá kan ṣoṣo. Bí ẹ bá ní kí máàkì nìkan pín owó náà, àwọn tó ti jẹun tẹ́lẹ̀ ni yóò tún bu oúnjẹ. Ní ti ìtìjú, kì í ṣe iwájú kíláàsì ni wọ́n ti ń pe orúkọ ẹnikẹ́ni. Lẹ́tà ni, òbí àti ọmọ ló ń kà á.

Lọ́dọ̀ wa ní ìpínlẹ̀ Washington, College Bound ni orúkọ tiwa, ọdún 2007 ni òfin rẹ̀ jáde. Orí oúnjẹ ọ̀sán ọ̀fẹ́ náà ni wọ́n gbé e lé, wọ́n sì ti ń kọ orúkọ àwọn ọmọ sílẹ̀ láìdúró de òbí. Àwọn ọmọ tí kò ní ìwé ìgbélùú náà lè gbà á, fọ́ọ̀mù WASFA ni wọ́n ń kọ dípò FAFSA. Ẹ kíyè sí ohun kan o, ẹ̀yin tó wà lọ́dọ̀ wa: wọ́n tún máa ń wo owó ilé nígbà tí ọmọ bá fẹ́ wọ yunifásítì, kò sì gbọdọ̀ ju 65% owó tó ń wọlé fún ìdílé àárín ní ìpínlẹ̀ lọ. Ní ọdún tí àwọn ìbejì mi ń jáde, mo ti ń ṣe iṣẹ́ àfikún àṣekúdórógbó kí n lè ra kọ̀ǹpútà fún wọn, díẹ̀ báyìí ló kù kí n fi ọwọ́ ara mi ti ìlẹ̀kùn mọ́ wọn. Ìgbà tí a ṣírò owó náà tí a rí i pé a kò kọjá ààlà, èmi àti ìyá wọn dúró lórí ìdúró, a dúpẹ́.

Akáńtì Ìjẹ̀bú, Houston

Bàbá Ìbejì, mo gbọ́. N kò mọ ìtàn àwọn ọmọ Livingston yẹn rí, ó sì wọ̀ mí lára. Mo gbà pé ibi tí owó kò bá tó gbogbo ènìyàn, ọmọ tí kò ní ló yẹ kó kọ́kọ́ kàn. Ibi tí mo ṣì dúró sí ni pé máàkì 2.5 yẹn kò gbọdọ̀ kúrò níbẹ̀, nítorí pé owó gbogbo ará ìlú ni, ó sì yẹ kí ọmọ mú nǹkan wá sídìí àdéhùn náà.

Ọmọ Àkọ́bí, Bloomington

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o, ẹ̀yin àgbà. Ọ̀kan lára àwọn ọmọ tí ẹ ń sọ̀rọ̀ wọn ni mí. Ọdún kẹta mi nìyí ní yunifásítì, ètò yìí ló sì ń san owó ẹ̀kọ́ mi. Mo fẹ́ sọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi nígbà tí mo wà ní kíláàsì keje.

Èkíní, owó ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń san. Wọn kì í san owó yàrá, wọn kì í san owó oúnjẹ, wọn kì í ra ìwé. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ mi ní ibí, mo dúró níwájú ṣẹ́ẹ̀lì ilé ìtàwé, mo ń wo iye owó tí wọ́n kọ sẹ́yìn ìwé kẹ́mísírì kan, mo sì dá a padà sípò rẹ̀. Ní ilé ìkàwé ni mo ti ń yá a lò, wákàtí méjì méjì, títí tí ìdánwò fi dé. Àwọn òbí tó bá lè máa tọ́jú owó díẹ̀díẹ̀ láti ìsinsìnyí, nítorí yàrá àti oúnjẹ ni kí ẹ máa tọ́jú rẹ̀ fún.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ kírẹ́díìtì 30, ìyẹn òdiwọ̀n tí wọ́n fi ń ka iye ẹ̀kọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ti parí. Lọ́dọọdún ní yunifásítì, a gbọ́dọ̀ parí kírẹ́díìtì 30 kí owó ọdún tó tẹ̀ lé e tó lè wọlé. Ní ọdún kìn-ín-ní mi, ìṣirò kálíkúlọ́ọ̀sì fẹ́ bo mí mọ́lẹ̀, mo sì fi kọ́ọ̀sì náà sílẹ̀ kó má bàa ba máàkì mi jẹ́. Ìyẹn mú mi ṣẹ́kù sí 27. Ọpẹ́lọpẹ́ obìnrin kan ní ọ́fíìsì owó ìrànwọ́ tó pè mí, tó sọ fún mi pé mo lè fi àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn dí i. Ivy Tech, kọ́lẹ́ẹ̀jì ìjọba ní ìpínlẹ̀ yìí, ni mo ti ṣe kọ́ọ̀sì oníkírẹ́díìtì mẹ́ta náà, mo ń ti ibẹ̀ lọ síbi iṣẹ́ mi ní ilé ìtajà. Ẹ sọ fún Dámi pé bí àwọn kíláàsì bá wà ní ilé ìwé girama rẹ̀ tí kírẹ́díìtì wọn ń bá ọmọ dé yunifásítì, kó ṣe wọ́n, wọn yóò gbà á lọ́jọ́ tí ilẹ̀ bá yọ̀.

Àgbà Ìbàdàn, Ìbàdàn

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àná. Mo wà lára àwọn ọmọ tó wọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, nígbà tí ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀ Oòrùn. Bàbá mi, àgbẹ̀ kòkó ni, kò mọ ọjọ́ tí wọ́n bí mi. Olùkọ́ ní kí n gbé ọwọ́ ọ̀tún kọjá lórí, kí n fi di etí òsì mú. Ọwọ́ mi kan etí, wọ́n kọ orúkọ mi. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó fi ọdún mẹ́rin jù mí lọ kò wọ ilé ìwé, nítorí pé nígbà tí ọjọ́ orí tirẹ̀ pé, owó ni wọ́n ń san. Láti nǹkan bí 457,000 ọmọ tó wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní 1954, iye wa lé ní 800,000 ní 1955.

Ṣùgbọ́n ilé ìwé girama kì í ṣe ọ̀fẹ́ nígbà náà. Nígbà tí a parí ìwé mẹ́fà, ọ̀pọ̀ nínú wa dúró níbẹ̀, orí wa kò kúrú, owó ni kò sí. Ohun tó wù mí nínú ohun tí Indiana ń ṣe ni pé wọ́n na ìlérí náà gùn kọjá ibi tí tiwa ti já. Ní Nàìjíríà lónìí, ẹ̀yáwó tí kò ní èlé ni òfin tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ní oṣù kẹrin ọdún 2024 fi lélẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ó sì ran ọ̀pọ̀ lọ́wọ́, àmọ́ ìgbà tí ọmọ bá ti wọlé sí yunifásítì tán ló ń bá a. Ta ló ń bá ọmọ tó wà ní JSS 1 sọ̀rọ̀?

Ìbéèrè kan ni mo ní fún Àǹtí Olùkọ́. Ọmọ tó bá dé Indiana nígbà tó ti wà ní kíláàsì kẹsàn-án ńkọ́, irú ẹ̀gbọ́n mi obìnrin yẹn?

Àǹtí Olùkọ́, Fort Wayne

Bàbá, ẹ kú àgbà, ẹ ṣeun fún ìtàn yín. Ibi tí ẹ fọwọ́ kàn yẹn ni egbò ètò náà wà. Ọmọ tó bá dé ní kíláàsì kẹsàn-án kò sí nínú àdéhùn yìí, bí ó ti wù kí ilé wọn tálákà tó. Èmi ti sọ ọ́ ní ìpàdé kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan, n kò sì ní dákẹ́ rẹ̀: àwọn ọmọ tó ń ṣí wá láti òkè òkun kì í yan kíláàsì tí wọn yóò bá ṣí wá. Ohun tó wà fún irú wọn ni owó ìrànwọ́ Frank O'Bannon ti ìpínlẹ̀ àti Pell ti ìjọba àpapọ̀, FAFSA kan náà ni wọ́n sì fi ń tọrọ méjèèjì. Kò tó bíi ti èyí, ṣùgbọ́n kì í ṣe kékeré.

Nítorí náà ni mo ṣe ń tẹnu mọ́ fọ́ọ̀mù yẹn. Ọ̀pọ̀ òbí wa ń sá fún un nítorí pé ó ń béèrè owó orí àti nọ́ńbà Social Security, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí ìjọba àpapọ̀ ń fún ènìyàn. Ẹ fetí sílẹ̀: ti ọmọ ni wọ́n nílò. Láti fọ́ọ̀mù ọdún ẹ̀kọ́ 2024 sí 2025 ni òbí tí kò ní nọ́ńbà náà ti lè ṣí àkáǹtì tirẹ̀ kó sì buwọ́ lù ú. Kí òbí má sì fi ímeèlì ọmọ ṣí àkáǹtì ara rẹ̀. Ọ̀tọ̀ ni ti ọmọ, ọ̀tọ̀ ni ti òbí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń há.

Ìyá Dámi, Indianapolis

Ẹ̀yin ará, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín lọ́kọ̀ọ̀kan. Bàbá Dámi gba ìsinmi ìdajì ọjọ́ ní ọjọ́rú, wọ́n lọ sí ilé ìwé. Olùtọ́nisọ́nà náà yí kọ̀ǹpútà sí wọn, orúkọ ọmọ wa sì wà níbẹ̀, àmì ohùn nìkan ni kò sí lórí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n délé, wọn kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, a kó àwo kúrò lórí tábìlì, a sì ṣí àkáǹtì ScholarTrack rẹ̀. Mo ka ìlérí náà sókè fún un ní Yorùbá, gbólóhùn kan lẹ́yìn òmíràn. Nígbà tí mo dé ibi ọtí mímu, ó rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo dé ibi 2.5, ó dákẹ́, ó wá bi mí pé ṣé ìṣirò òun tó jẹ́ 2.0 báyìí lè gòkè. Mo ní yóò gòkè. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ló ń dúró lẹ́yìn ilé ìwé pẹ̀lú olùkọ́ ìṣirò rẹ̀.

Bàbá rẹ̀ mú Bíbélì ńlá wọlé, èyí tí a kọ ọjọ́ ìbí àwọn ọmọ sí inú èèpo rẹ̀. Lábẹ́ ọjọ́ ìbí Dámi, wọ́n kọ ọ́ pé: kíláàsì kejìlá, ọjọ́ 15 oṣù kẹrin, FAFSA. Wọ́n sì fa ìlà méjì sí i nídìí.